Kókó Ọwọ́ Ọ̀tún Mi Kì Í Ṣe Sòbìà

Ẹ jẹ́ kó yé wa láti ìbẹ̀rẹ̀: mi ò kọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè káàánú mi. Àánú tí wọ́n ṣe mí nígbà yẹn ti tó mi. Ẹni tí mo kọ ọ́ sí ni ẹni tí kókó kan yọ sí lára, tí ẹbí ti yí ká, tí kálukú ń fún kókó náà lórúkọ, tí òun alára kò sì rí oorun sùn. Mo ti jókòó síbi tí ẹ jókòó sí yẹn rí. Mo ti dìde kúrò níbẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bó ṣe rí.

Iṣẹ́ ìwé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Kì í ṣe pé mò ń kọ ìwé o. Bí ẹ̀rọ bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, àwa obìnrin la máa ń gbà á. Àwa là ń ká a, àwa là ń to ojú ewé rẹ̀ tẹ̀ léra, àwa là ń fi pín-ín-nì gún un pọ̀ kí wọ́n tó gé etí rẹ̀. Tábìlì gígùn kan ni. Wọ́n á to òkìtì bébà sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a ó wá máa rìn yí i ká, a ó máa mú ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí òkìtì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà á rò pé ojú la fi ń ṣe é. Irọ́ ni. Orí ìka ni. Àtàńpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ló máa sọ fún èèyàn bóyá bébà kan ló mú àbí méjì tó lẹ̀ mọ́ra. Bí méjì bá fi lè kọjá, ìwé ti bàjẹ́ nìyẹn, oníbàárà á dá a padà, ọ̀gá á sì fi ariwo pa wá. Ní gbogbo agbègbè Fọlá Àgòrò, kò sẹ́ni tó lè bá mi du iṣẹ́ yẹn. Mo sọ ọ́, ojú ò tì mí. Wọ́n á ní, "Ìyá Bùsáyọ̀, ṣé ìka ẹ lójú ni?" Èmi á ní ó lójú, ó tún wọ awò sí i.

Ìgbà tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba sílẹ̀ fún àwọn olóṣèlú ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ya dé lọ́dún náà. Gbogbo ẹni tó bá ti fẹ́ dupò, kó jẹ́ káńsẹ́lọ̀, kó jẹ́ gómìnà, Ṣómólú ló ń bọ̀ wá tẹ ojú ara rẹ̀. Fìlà lóríṣiríṣi, ẹ̀rín lóríṣiríṣi. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn iléèwé náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé wá. A ò mọ̀ bóyá ìjọba tuntun yẹn máa dáa, àmọ́ a ríṣẹ́ ṣe, a sì ń dúpẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo fi apá gbá etí tábìlì. Ìgbá yẹn ò lágbára rárá, lápá inú ni, lókè ọrùn ọwọ́ díẹ̀. Àmọ́, yéè! Ó dà bí ìgbà tí mo ki ọwọ́ bọ wáyà iná tó ṣí sílẹ̀. Ó ta láti ibẹ̀ lọ tààrà sí àtàńpàkò àti ìka ìlábẹ̀ mi, bébà sì fò lọ́wọ́ mi. Mo wo ibẹ̀, mo rí kókó kan tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Kò pọ́n, kò gbóná, kò lójú bí eéwo. Mo ní, "Ìwọ náà, níbo lo ti wá?" Mo ṣà bébà mi nílẹ̀, mo ń bá iṣẹ́ lọ.

Bó ṣe ń dàgbà nìyẹn, díẹ̀díẹ̀, láìpariwo. Nígbà tó yá ó tó hóró àgbálùmọ̀. Bí n kò bá fara kàn án, kò ní dùn mí. Bí mo bá fara kàn án, mo gbé nìyẹn. Mo wá ń gbé ọwọ́ náà sún mọ́ àyà bí ìgbà tí èèyàn gbé ẹyin. Onílé oògùn kan ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa fún mi ní hóró oògùn, ó ní làkúrègbé ni. Mo lò ó. Làkúrègbé ò gbọ́.

Ohun tó dẹ́rù bà mí kì í ṣe ìrora. Ìka mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Mo máa di bébà mú, á dà bíi pé mo wọ ìbọ̀wọ́. Lọ́jọ́ kan ọ̀gá mi pè mí wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Ìwé kíkà àwọn ọmọ iléèwé kan wà níwájú rẹ̀, ó ṣí i, ojú ewé kan wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó yẹ kó tẹ̀ lé e ò sí. Ó ṣí òmíràn, bákan náà. Ó ní, "Ìyá Bùsáyọ̀, ta ló to èyí?" Mo fẹ́ sọ pé àwọn ọmọ iṣẹ́ ni. Àmọ́ mo mọ̀ pé òkìtì tèmi ni. Mo ní, "Èmi ni, sà." Ọkùnrin náà ò bínú, ìyẹn ló tiẹ̀ dùn mí jù. Ṣe ló wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ẹ̀rọ tó ti gbó. Mo bọ́ síta, mo sunkún títí. Ẹ ò lè mọ bó ṣe ń ṣe èèyàn kí ohun tí wọ́n fi ń yìn ín máa sá lọ lára rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ wa ní Abúlé Òkúta, ní Bàrígà, ni màámi ń gbé nígbà náà. Ọmọ oko Ẹ̀gbá ni wọ́n, wọ́n kúrú, wọ́n le. Bí wọ́n bá ń bínú, Ẹ̀gbá á máa yọ lẹ́nu wọn tó jẹ́ pé àwọn ọmọ mi á sá síta lọ rẹ́rìn-ín. Mo ti ń fi kókó náà pa mọ́ fún wọn, àmọ́ ta ló lè fi nǹkan pa mọ́ fún màámi? Wọ́n fa ọwọ́ mi mọ́ra, wọ́n fi àtàńpàkò sún kókó náà sọ́tùn-ún, ó sún. Wọ́n sún un sósì, ó tún sún. Bí wọ́n ṣe pariwo pe orúkọ mi nìyẹn.

"Ó ń rìn! Sìdí, sòbìà ni!"

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ sòbìà. Kòkòrò gígùn bí òwú ni, inú omi odò ni wọ́n ti ń mu ún. Á máa rìn lábẹ́ awọ títí á fi dá ojú sí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́, wọ́n á sì máa fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Ó ti bá màámi jà nígbà èwe wọn. Àpá rẹ̀ wà ní ọrùn ẹsẹ̀ wọn, ó ń dán. Nítorí náà, kì í ṣe ìsọkúsọ ni wọ́n ń sọ. Ohun tí ojú wọn ti rí ni. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí okùn, á sá.

Mo ní, "Màámi, omi ẹ̀rọ là ń mu ní Bàrígà."

Wọ́n ní, "Èyí tí o mu lọ́wọ́ mi ní oko ńkọ́? Ó ti ń sùn níbẹ̀ látọjọ́ yẹn." Wọ́n wá pa á lówe: "Bí sòbìà bá degbò, olúgànbe là á ké sí."

Wọ́n sì ké sí i lóòótọ́. Èmi ò mọ ibi tí wọ́n ti rí ewé olúgànbe ní Bàrígà. Wọ́n gún un mọ́ epo pupa, wọ́n ń fi lẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wọ́n á wá fi aṣọ tí wọ́n rì bọ omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ìka mi á máa jó. Màámi á ní, "Ṣó o rí i? Kòkòrò náà ń jà." Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé ó ń jà.

Ọkọ mi, wẹ́dà ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù." Màámi yíjú sí i. "Kí wọ́n lè gé ọwọ́ ẹ̀ fún ọ? Ṣé o fẹ́ fẹ́ ọlọ́wọ́ kan ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn dẹ́rù bà á, ó dẹ́rù ba èmi náà. Ẹ̀rù tó ń pa gbogbo àdúgbò nìyẹn. Kò sí ilé tí ẹ máa wọ̀ ní Abúlé Òkúta tí wọn ò ní sọ fún yín nípa ẹnì kan tó gbé ẹsẹ̀ méjì lọ sí ọsibítù tó gbé ẹyọ kan bọ̀. Wọn kì í sọ pé ẹsẹ̀ náà ti jẹrà nílé kí wọ́n tó gbé e lọ.

Nígbà tí sòbìà ò yọjú, màámi ní ọ̀lẹ ni, ó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Wọ́n mú abẹ́ tuntun, wọ́n fi iná ra á, wọ́n jókòó tì mí lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ní àwọn kàn máa ṣílẹ̀kùn díẹ̀ fún un ni. Mo yíjú sẹ́yìn. Bí abẹ́ náà ṣe wọlé, mi ò mọ ohun tí mo ṣe mọ́. Wọ́n ní mo fò, mo fẹsẹ̀ gbá agbada omi gbígbóná dànù, ariwo tí mo pa sì mú kí àwọn tó ń ta bíríkì lójú títì sáré wọlé. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló jáde. Kòkòrò kankan ò jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, apá mi ti wú, àtàńpàkò mi ò sì lè bá ìka ìlábẹ̀ pàdé dáadáa mọ́.

Màámi wo ọwọ́ náà. Mo ní, "Màámi, mo ti gbọ́ tiyín. Ẹ jẹ́ kí n lọ gbọ́ tiwọn." Mo sọ fún ọkọ mi pé kó múra.

Ọsibítù ìjọba kan la lọ, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá lọ rí mọ bó ṣe ń rí. Ẹ máa dé ṣáájú kí oòrùn tó yọ, ẹ máa bá àwọn tó ti sun ibẹ̀ mọ́jú. Ẹ máa tò níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì, ẹ máa tò síwájú yàrá dókítà, wọ́n á wá ní dókítà ti lọ sí ibi iṣẹ́ abẹ, kí ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo bá obìnrin kan jà níbẹ̀ tó fẹ́ kọjá níwájú mi nítorí pé ó mọ nọ́ọ̀sì kan. Mo ní, "Ìyá, ọwọ́ ló ń dùn mí o, ẹnu mi le koko." Ó padà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà a di ọ̀rẹ́, ó fún mi ní búrẹ́dì.

Ìgbà kẹta tí a lọ la rí dókítà. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, Yorùbá ẹnu rẹ̀ ń dún bíi ti Ìjẹ̀ṣà. Màámi ti ní àwọn ò ní jẹ́ kí n dá lọ, wọ́n jókòó tì mí bíi lọ́yà. Dókítà sún kókó náà sọ́tùn-ún àti sósì, bí màámi ti ṣe. Lẹ́yìn náà ó gbìyànjú láti sún un sókè àti sódò. Kò sún. Ó wá fi orí ìka kan ṣoṣo gbá a pẹ́.

Ó ní, "Ṣé ó ta dé àtàńpàkò yín?"

Ẹnu yà mí. Mo ní, "Ta ló sọ fún yín?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ibi tí kókó náà jókòó sí ló sọ ọ́ fún òun. Ó ní nínú apá wa, àwọn iṣan kan wà tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí ìka, tí wọ́n sì ń gbé ohun tí ìka bá fọwọ́ kàn padà wá. Kí a rò ó bíi wáyà iná. Wáyà ní bàbà nínú, ó ní rọ́bà lóde. Ó ní kókó tèmi, bó bá jẹ́ ohun tí òun rò ni, rọ́bà yẹn ló hù jáde lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí kò lè sún sókè sódò, torí pé orí wáyà ló so mọ́. Ìdí nìyẹn náà tí ẹni tó bá fi abẹ́ kàn án fi ń fi abẹ́ kan iná.

Màámi wo ilẹ̀. Dókítà wo àpá abẹ́ tó wà lápá mi, ó wò wọ́n, ó sì béèrè pẹ̀lẹ́ pé kí ni wọ́n rò pé ó jẹ́. Wọ́n ní sòbìà. Ẹ̀rín ò jáde lẹ́nu rẹ̀ rárá. Ó ní, "Màmá, ká ní oko la wà nígbà èwe yín, èmi náà ì bá kọ́kọ́ rò ó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí wọ́n má ṣe gé e mọ́, kí wọ́n má sì ṣe fọwọ́ ra á." Màámi ní, "A ti gbọ́, dókítà." Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti fẹ́ràn ọkùnrin náà.

Mo béèrè ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wa. Mo ní, "Ṣé jẹjẹrẹ ni?" Ó ní èyí tó pọ̀ jù nínú irú rẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í rìn lọ sí ibòmíràn, kì í pa èèyàn. Àmọ́ òun ò ní fi ojú lásán búra. Àfi kí wọ́n yọ ọ́, kí àwọn tó ń fi awò ńlá wo ẹran ara wò ó. Ó wá sọ èyí tó le. Ó ní oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbà wáyà náà, èèyàn lè bó o kúrò kí wáyà má já. Èkejì máa ń dà pọ̀ mọ́ bàbà náà, òwú wáyà á gba àárín rẹ̀ kọjá. Bó bá jẹ́ ìyẹn, ẹni tó bá ní òun máa yọ gbogbo rẹ̀ á gé wáyà náà mọ́ ọn, àtàńpàkò àti ìka méjì á sì kú pátápátá. Ó ní òun ò ní mọ èyí tó jẹ́ títí òun á fi ṣí i. "Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ sọ fún mi ṣáájú: bí mo bá bá a pé ó dà pọ̀, kí ni kí n ṣe?"

A gbé ọ̀rọ̀ náà wálé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá láti Ìkòròdú, ó jókòó lórí àga ńlá, ó ní kí wọ́n hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ohun burúkú kì í ṣe ohun tí èèyàn ń bá gbélé. Màámi ní kí wọ́n má tiẹ̀ fọwọ́ kàn án rárá. Ọkọ mi ń wo ọ̀kan, ó ń wo èkejì. Wọ́n ń sọ ọ́ lórí mi, síwájú sẹ́yìn, bíi pé mi ò sí níbẹ̀. Ó sú mi.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ ta ni?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi.

Mo ní, "Ọwọ́ mi ni. Ọwọ́ yìí ló ń bọ́ mi kí n tó mọ ẹnikẹ́ni nínú yín lọ́kọ tàbí lẹ́gbọ̀ọ́n. Bó bá ṣeé bó, kí wọ́n bó o. Bó bá ti dà pọ̀ mọ́ wáyà, kí wọ́n gé díẹ̀ fún àyẹ̀wò, kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀, kí wọ́n rán mi pa dé. N ó máa bá a gbé, èmi àti ẹ̀ á jọ máa san owó ilé." Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní mò ń fi ikú ṣeré. Mo ní kì í ṣe ikú ni mò ń fi ṣeré, ìka mi ni mi ò fẹ́ fi tọrẹ. Ọkọ mi wá sọ̀rọ̀ níkẹyìn. Ó ní, "Bó ṣe wí ni ká ṣe é." Mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ ìgbéyàwó wa lọ.

Owó ò rọrùn, mi ò ní purọ́. Àjọ tí mo dá ló lọ sí i, ọkọ mi sì ta ẹ̀rọ ìjórin rẹ̀ kan. Wọ́n dá ọjọ́ fún wa, àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù da iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n tún dá ọjọ́, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ò sì ṣiṣẹ́. Ìgbà mìíràn ni wọ́n tó gbé mi wọlé. Kí wọ́n tó gbé mi, mo di dókítà mú láṣọ, mo ní, "Ẹ rántí ohun tí mo wí o." Ó ní, "Mo rántí, mà."

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe nígbà tí mo jí, mo gbìyànjú láti mú àtàńpàkò mi lọ bá ìka ìlábẹ̀. Ó mì. Kò dé ibẹ̀, àmọ́ ó mì. Dókítà dé, ojú rẹ̀ ti sọ fún mi kó tó lanu. Ó ní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló jókòó sí, ó ní awọ tirẹ̀ tó yí i ká, òun là á bí ìgbà tí èèyàn bó ọsàn, òun sì gbé e jáde, wáyà ò já. Màámi ní kí ó jẹ́ kí àwọn rí i. Ó ní kò burú. Wọ́n gbé ìgò kan dé, ohun roboto kan wà nínú omi, ó funfun díẹ̀, ó pọ́n rúsúrúsú díẹ̀. Màámi gbé ìgò náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, wọ́n yí i sí ìhín, wọ́n yí i sí ọ̀hún. Gbogbo wọ́ọ̀dù ń wò wọ́n.

Wọ́n ní, "Kò lórí. Kò nírù. Kì í ṣe sòbìà." Wọ́n gbé ìgò padà fún dókítà bí adájọ́ tó dájọ́ tán. Mo rẹ́rìn-ín títí ojú abẹ fi ń dùn mí.

Àmọ́ àyẹ̀wò kò tíì jáde. Àwọn ọ̀sẹ̀ tí mo fi dúró de èsì yẹn ló le jù nínú gbogbo rẹ̀, ó le ju abẹ lọ. Mo máa wo Bùsáyọ̀ ọmọ mi tó ń fọ abọ́, mo máa máa ronú nípa ẹni tó máa dá irun fún un. Mo bẹ̀rù gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹni tó ní ìgbàgbọ́ kì í bẹ̀rù. Màámi tẹ́ ẹní ìrun, ọkọ mi kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èmi sì dùbúlẹ̀ sáàárín àwọn méjèèjì pẹ̀lú ẹ̀rù mi.

Nígbà tí èsì dé, dókítà kà á, ó ní, "Kì í ṣe jẹjẹrẹ." Mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àmọ́ kí ó má tíì pa bébà yẹn dé. Mo ní mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n rí. Ó wò mí, ó jókòó padà. Ó ní wọ́n gé kókó náà ní pẹlẹbẹ, pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́ ju bébà èyíkéyìí tí mo ti fọwọ́ kàn láyé mi lọ, wọ́n pa á láró kí ó lè hàn, wọ́n sì fi awò ńlá wò ó. Wọ́n rí i pé lára àwọn ohun tíntìntín tó máa ń ṣe rọ́bà wáyà náà ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ní apá kan wọ́n tò pọ̀ gírígírí, wọ́n tẹ̀ lé ara wọn bí ẹni tó tò sórí ìlà. Ní apá kejì wọ́n fọ́nká, ó rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá. Ó ní àmì oríṣi tí kì í ṣe ọ̀tá nìyẹn. Wọn ò rí èyí tó ń pọ̀ sí i bí wèrè, wọn ò rí èyí tó ń wọ inú ẹran tó yí i ká. Mo ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo fẹ́ kó wọ̀ mí létí, kó má jẹ́ pé ẹlòmíràn ló máa túmọ̀ ara mi fún mi.

Mi ò kúrò níbẹ̀ kí n sì bọ́ sídìí tábìlì lọ́jọ́ kejì o. Ìka méjì náà kú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń wò wọ́n bí ìka ẹlòmíràn. Dókítà ní wáyà tí wọ́n ti tẹ̀ pẹ́ kì í tètè jí, kí n ní sùúrù. Sùúrù kì í ṣe ìwà mi. Wọ́n ní kí n máa da ìrẹsì pọ̀ mọ́ ẹ̀wà nínú abọ́, kí n dijú, kí n máa fi ìka ṣà wọ́n sọ́tọ̀. Mo dijú, mo ṣà, mo lajú, mo bá ìrẹsì nínú ẹ̀wà. Mo da abọ́ náà nù. Màámi ṣà á nílẹ̀, wọ́n gbé e padà síwájú mi. Mo tún dijú. Ojoojúmọ́ nìyẹn, ọjọ́ tó bá wù mí àti ọjọ́ tí kò wù mí. Níbi iṣẹ́ wọ́n ti fi ọmọbìnrin kan sí ààyè mi, mo gbọ́ pé ó yára. Mo ní kó máa yára lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan mò ń se ọbẹ̀, mo gbàgbé, mo fi àtàńpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ṣí ìdérí ìkòkò láìfi aṣọ mú un. Ó jó mi! Ìdérí náà bọ́ sílẹ̀, mo ki ìka bọ ẹnu. Ìgbà náà ló tó yé mi. Ó jó mi! Mo fi ìka náà kan ìkòkò lẹ́ẹ̀kejì, màámi bá mi níbẹ̀, wọ́n pariwo, wọ́n rò pé orí mi ti dàrú. Mo ní, "Màámi, ó gbóná! Mo mọ̀ pé ó gbóná!" Wọ́n dúró, wọ́n wò mí, ó wọ̀ wọ́n létí. Ìyá arúgbó náà gbá mi mọ́ra nínú èéfín, a jó yí ilé ìdáná ká, ọbẹ̀ sì jóná.

Mo padà sídìí tábìlì. Ọmọbìnrin yẹn dára o, mi ò ní bà á jẹ́, àmọ́ kò ju oṣù díẹ̀ lọ tí wọ́n fi mọ ẹni tó nilé. Lónìí mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Bàrígà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́, èmi ni mo kọ́ wọn. Kókó náà ò padà wá. Orí ìka ìlábẹ̀ mi ṣì kú díẹ̀ lápá kan, tí ọyẹ́ bá mú, á máa ta mí. Mo ti mọ̀ ọ́n, ó ti mọ̀ mí. Màámi ti kú láti ìgbà náà, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn. Títí wọ́n fi lọ, bí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò bá ní kókó, àwọn ló máa ń kọ́kọ́ lé e lọ sí ọsibítù.

Kì í ṣe gbogbo kókó ló dà bíi tèmi, èmi kì í ṣe dókítà, mi ò lè wo tiyín lójú kí n sọ ohun tó jẹ́. Àmọ́ èyí tó bá ń ta yín dé ìka tí ẹ bá gbá a, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ ra á, ẹ má sì jẹ́ kí onílé oògùn kankan là á fún yín lórí àga. Ẹ lọ tò lórí ìlà náà. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ títí ó fi yé yín. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ nù láìṣàyẹ̀wò rẹ̀. Bí ẹbí bá sì ń pariwo lórí yín, ẹ bi wọ́n pé ara ta ni.

Bí ẹ̀rù bá ṣì ń bà yín lẹ́yìn gbogbo èyí, tí ẹ̀ ń rò pé ẹni tó gbé ọwọ́ lọ síbẹ̀ kì í gbé e bọ̀, ẹ yà sọ́dọ̀ mi. Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ kankan. Ẹ na ọwọ́ ọ̀tún yín, n ó na tèmi, kí a bọ ara wa lọ́wọ́. Bí ìdìmú mi bá sì dùn yín, ẹ sọ fún mi, n ó dẹ̀ ẹ́.